Ibi Tó Jẹrà

Ìyá mi kì í pè é ní iṣu, usu ni.
Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí àká bá ń sófo lọ,
a ó bá ọ̀kan tí orí rẹ̀ ti dúdú,
tó ń rùn bí ọtí àná.
Èmi ọmọdé á ní, "Ẹ jẹ́ n lọ jù ú sórí ààtàn."
Á ní, "Ààtàn kẹ̀? Gbogbo rẹ̀ ló rà?"
Ọ̀bẹ á wọlé, ibi tó jẹrà á bọ́,
ìyókù á dé inú odó kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èmi náà ló jókòó yìí níwájú Dókítà Adáramọ́lá l'Ádó,
ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì n'Ìkọ̀lé,
tó ń fi òru ka ìṣísẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìtọ̀:
mọ́kànlá lálọ, mọ́kànlá lábọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin kílẹ̀ tó mọ́.

Ó gbé àwòrán kan síwájú iná.
Kókó kan lábẹ́ àpò ìtọ̀, kò ju awùsá lọ,
àmì kan sì wà lápá òsì rẹ̀ bí ẹyọ ẹ̀wà.
"Jẹjẹrẹ ni, bàbá. Ṣùgbọ́n kò tíì jáde nílé.
Ìtọ̀ òru tí ẹ ń sọ, ọjọ́ orí ló ni ìyẹn.
Èyí kò tíì yanu sọ̀rọ̀."

Mo rántí Fágbohùn ẹ̀gbọ́n mi l'Ómùò.
Gbogbo awùsá ni wọ́n yọ fún un, ó di ọdún márùn-ún.
Ó wà láàyè. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.
Ṣùgbọ́n kì í sun ilé onílé mọ́.
Ó ń ká aṣọ sábẹ́ ṣòkòtò bí ìyá ìkókó;
níbi ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín pa á,
ó dìde kíá, ó fi fìlà bo iwájú ara.
Ìyàwó rẹ̀ ń sùn ní yàrá kejì. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n.

"Ọ̀nà kan tún wà," ni dókítà wí,
"ojú ibẹ̀ nìkan la ó dojú kọ.
Ìró la ó fi jó o, ìró tí etí ajá pàápàá kò lè gbọ́,
tí a kó jọ sójú kan
bí ọmọdé ṣe ń fi dígí kó oòrùn jọ sórí ewé gbígbẹ.
Ìyókù awùsá á wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí."

Mo ti fẹ́ fò sókè. Ó nawọ́.
"Ẹ fara balẹ̀, sà."
Tíṣà ni mí, mo mọ ohùn ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tán.
Ẹ̀rọ ọ̀hún kò sí nítòsí. Owó rẹ̀ tó oko kòkó kan, tewé tigi
(mo rántí owó ìfẹ̀yìntì tí n kò tíì fojú kàn).
Kì í ṣe ara gbogbo ọkùnrin ló gbà á.
Ọ̀nà tuntun ni; àwọn tó gbà á kọjá
kò tíì rìn jìnnà tó ká lè béèrè òpin ọ̀nà lọ́wọ́ wọn.
Ojú ò sì ní kúrò níbẹ̀:
ẹ̀jẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, àwòrán, abẹ́rẹ́,
nítorí ohun tí a jó lósì lè hù lọ́tùn-ún.

"Bó bá wá hù ńkọ́?"
"A ó tún jókòó báyìí."

Ọkọ̀ gba Ìjẹ̀ṣà-Iṣu kọjá.
Orúkọ ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín.

Mọrẹ́nikéjì wà lẹ́yìnkùlé, iṣu wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, èyí tó dùn, èyí tí kò dùn,
títí kan ti ibùsùn, tí a kì í sọ lọ́sàn-án.
Kò dáhùn. Ó gé ibi tó dúdú sọnù.
Ó wo ojú ibi tó gé, ó tún gé pẹ́ńpẹ́ sí i.
Lẹ́yìn náà ó fi àtàǹpàkò tẹ ara iṣu náà yíká, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn.
Ó dúró lójú kan.
Ó tún tẹ ibẹ̀.
"Ó le," ó ní. "Ibí yìí ṣì le."